Àáró Kíláàsì Karùn-ún

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Martha fi kọ́ni ní Òkè-Ọsàn, ní ilé-ìwé ìjọba tó wà lójú ọ̀nà Kiri, tó jìnnà sí ojú títì. Yàrá mẹ́ta. Òrùlé méjì àbọ̀. Olùkọ́ mẹ́ta fún kíláàsì mẹ́fà, ọ̀gá ilé-ìwé sì wà nínú mẹ́ta yẹn.

Ọmọ Kabba ni. Ilé àwọn òbí rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà, bàbá rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ ló gbé e dé Òkè-Ọsàn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń gbin iṣu àti kajú. Ọkọ náà kú lọ́dún kẹsàn-án. Àwọn ẹbí Martha ní kó máa bọ̀ nílé. Ó ní òun ní àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún tí òun kò tíì bá ṣe parí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ohun kan náà ló sọ. Lọ́dún kẹta, wọn ò béèrè mọ́.

Oko ọkọ rẹ̀ ló ti rí ohun tó sọ ọ́ di olùkọ́. Ìgbà ebè kíkọ ni. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ń ṣe àáró: òní lóko eléyìí, ọ̀la lóko tọ̀hún, títí yóò fi kárí. Martha gbé oúnjẹ lọ fún wọn, ó sì dúró, ó ń wò. Olúkúlùkù ló ní poro tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ebè rẹ̀ tán kò jókòó sábẹ́ igi. Á na ẹ̀yìn díẹ̀, á kígbe pé, "Mo ń bọ̀ o!", á sì bọ́ sí poro ẹni tó kù lẹ́yìn, láti òdìkejì, á máa kọ ọ́ bọ̀ títí àwọn méjèèjì yóò fi pàdé láàárín. Kò sẹ́ni tó ń kúrò lóko àfi ìgbà tí gbogbo wọn bá lè kúrò.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé e lọ sí kíláàsì.

Ọmọ tó bá parí ìṣirò rẹ̀ á dìde, á ní, "Mo ti parí poro mi, mo ń bọ̀ ní poro rẹ." Á lọ jókòó ti ẹni tó kù lẹ́yìn. Kò gbọ́dọ̀ sọ ìdáhùn. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan pẹ́ńsù ẹni tó lọ bá. Ìbéèrè nìkan ló lè bi í. Eélòó lo ní? Eélòó lo fẹ́ pín in fún? Kí ló ṣẹ́ kù? Oníporo ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ẹni tí ìdáhùn bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, Martha á ní kó lọ dúró lẹ́yìn, ojú a sì máa tì í ju ẹni tí kò mọ ìṣirò náà rárá lọ.

Nínú àwọn tí àáró gbé jáde ni Ebenezer wà. Ọmọ tó máa ń kọjú sí ògiri bí ìṣirò pínpín bá ti dé. Ọdún kan gbáko ni àwọn ọmọ mẹ́ta fi ń gbapò ara wọn ní poro rẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá yé e, ó pariwo débi pé ọ̀gá ilé-ìwé ìgbà náà sáré wọlé wá wò bóyá ejò ni. Ó lọ sí Kabba, ó lọ sí yunifásítì, ó di ẹni ńlá ní Ọ́fíìsì Òṣùwọ̀n Ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àtúnṣe àwọn ilé-ìwé ìjọba. Kò gbàgbé Martha. Gbogbo ọdún Kérésì ló máa ń pè é.

Lọ́dún tó kọjá, ó wá fúnra rẹ̀.

"Okun o, Màmá," ló fi kí i, bí àwọn ará ẹkùn náà ti ń kí ara wọn.

"Okun, ọmọ mi. Ìwọ rèé? O ti yọ ikùn!"

"Ikùn ọ́fíìsì ni, Mà. Kì í ṣe tèmi."

Ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì lórí bẹ́ǹṣì tó ti jókòó lé rí, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn ọmọ ń ṣe àáró. Emmanuella, ọmọ Gbádéyan tó ń gbin kajú tà, tí ẹnu rẹ̀ mú tí ọpọlọ rẹ̀ mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló kọ́kọ́ dìde. Ọ̀dọ̀ Ọpẹ́dayọ̀ ló lọ, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń fi ìka ka gbogbo nǹkan. Ebenezer yọ fóònù, ó ń ya wọ́n. Nígbà tó yá, ó gbé fóònù náà sílẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Mà, ohun tí a ń pe àwọn òyìnbó wá kọ́ wa ní ọ́fíìsì nìyí."

Ìgbà yẹn ló sọ fún un nípa ìdánwò. Ìdánwò kan náà, ọjọ́ kan náà, gbogbo ilé-ìwé ìjọba, kíláàsì karùn-ún. "A ó mọ ibi tó ń jò, Mà. A ó sì dí i." Martha gbà á gbọ́. Kí ló lè mú un má gbà á gbọ́?

*

Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà tí wọ́n pe ìpàdé àwọn òbí sábẹ́ igi máńgòrò. Josiah, ọ̀gá ilé-ìwé, ka ìwé tí ọ́fíìsì fi ránṣẹ́. Ohùn rẹ̀ kò le, ó sì tún ka apá ìsàlẹ̀ ìwé náà wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni pé kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ ọ. Ilé-ìwé tí máàkì rẹ̀ bá rẹlẹ̀ jù, wọn yóò pa á pọ̀ mọ́ èyí tó sún mọ́ ọn.

Èyí tó sún mọ́ Òkè-Ọsàn wà lójú títì. Ìrìn wákàtí kan àbọ̀ fún ọmọdé. Odò kan wà láàárín, igi ìrókò kan tó wó lulẹ̀ ni afárá rẹ̀, bí òjò bá sì ti dé gidi, omi a máa gorí igi náà. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ìyẹn síta.

Gbádéyan dìde.

"Tísà, kajú ni mò ń tà. Ọdún méjìlélógún nìyí. Gbogbo ẹni tó ń gbé òṣùwọ̀n wá bá mi lóko, ó ti mọ iye tó fẹ́ kó kà kó tó kúrò nílé. Ṣé orí irú ẹ̀ náà lẹ fẹ́ kí a gbé ọmọ lé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àdúràọlá kò rẹ́rìn-ín. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló ní, kíláàsì kẹta sì ni ọmọ náà wà.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì ni ọmọ mi ti wà ní kíláàsì kan náà, kò lè ka orúkọ ara rẹ̀. Ta ló mọ̀ yàtọ̀ sí èmi? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n wọ́n. Bó ti burú tó, á ti wà nínú ìwé ẹnì kan."

"Nínú ìwé ẹnì kan ní Lọ́kọ́ja," ni Gbádéyan wí. "Kí ó máa ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Kí ni èyí tó wà lọ́kàn mi nìkan ń ṣe?"

Ariwo sọ. Àwọn kan ní kò sí ohun tó kan ìjọba kan ọmọ àwọn. Àwọn kan ní kí wọ́n dán an wò. Josiah ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìgbà náà ni Martha dìde. Kò fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ láwùjọ àgbàlagbà, àwọn ọmọ ló mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó dìde.

"Kíláàsì kẹta kò ní olùkọ́. Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni a ti kọ. Ta ló dá wa lóhùn? Bí wọ́n bá wọ̀n wọ́n, wọn á fi ojú ara wọn rí ihò náà. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí lẹ́kùn wa, ọmọ mi ni. Inú kíláàsì mi ló ti mọ ìṣirò. Kò lè fi ilé-ìwé yìí ṣeré."

Gbádéyan padà jókòó.

"Ó dáa. Ẹnu rẹ la gbà á, Tísà. Kì í ṣe tirẹ̀."

*

Àsìkò kajú ni wọ́n fi ìdánwò náà sí. Ta ló mú oṣù náà? Ẹni tí kò ṣa kajú rí ni. Àwọn ọmọ wà lóko láti ìdájí. Martha ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n yọ̀ǹda Ọjọ́bọ̀ kan ṣoṣo fún òun.

Ìwé ìdáhùn tí wọ́n ń lò kì í ṣe èyí tí a ń kọ nǹkan sí. Òrùka kéékèèké ló kún inú rẹ̀, èèyàn á fi pẹ́ńsù kun ọ̀kan dúdú. Àwọn ọmọ Òkè-Ọsàn kò rí irú ẹ̀ rí. Martha ti ìdérí bírò bọ tàdáwà, ó ń fi í tẹ òrùka sórí ìwé, ogún òrùka, ọgbọ̀n, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, títí ìka rẹ̀ fi dúdú. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kùn ún kó má jáde. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ kò gbọ́dọ̀ wo ìwé ẹnikẹ́ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ẹnikẹ́ni!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà!"

Gbogbo ohun tó yẹ kó sọ ló rò pé òun ti sọ. Àáró kò wá sí i lọ́kàn. Báwo ni ì bá ṣe wá? Olè ni wíwo ìwé ẹlòmíràn. Iṣẹ́ ni àáró.

Lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́tọ́lá ló wá ṣe alábòójútó, ọmọ jẹ́jẹ́ kan láti Lọ́kọ́ja, ó kí gbogbo àgbà tó bá níbẹ̀ pẹ̀lú orúnkún nílẹ̀. Ó ní òfin kò jẹ́ kí olùkọ́ sún mọ́ kíláàsì. Martha àti Josiah lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Gbogbo wọn ló wá. Gbádéyan fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀kadà gbé Emmanuella wá, kó má bàa pẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹyẹ nìkan ló ń dún.

Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde láti ojú fèrèsé, ohùn tó mọ́ gaara, tó ń yọ̀.

"Mo ti parí poro mi!"

Ohùn Emmanuella ni.

"Mo ń bọ̀ ní poro rẹ!"

Bẹ́ǹṣì dún. Ohùn mìíràn tẹ̀ lé e. "Mo ti parí poro mi!" Òmíràn. Martha ti dìde, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu. Ohùn Ọmọ́tọ́lá ló wá borí gbogbo wọn.

"Kí lẹ̀ ń ṣe? Jókòó! Mo ní kó o jókòó!"

Nígbà tí wọ́n parí, Ọmọ́tọ́lá jáde wá pẹ̀lú ìwé mọ́ àyà.

"Mà, wọn ò tiẹ̀ fi pa mọ́. Níwájú mi ni wọ́n ti dìde. Wọ́n tún ń kígbe pé àwọn ń bọ̀! Ilé-ìwé mọ́kànlá ni mo ti ṣe alábòójútó ìdánwò mìíràn ṣáájú èyí, mi ò rí irú ẹ̀ rí."

"Wọn ò sọ ìdáhùn," ni Martha wí. "Bi wọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ ìdáhùn."

"Mo mọ̀ pé wọn ò sọ ọ́, Mà. Mo gbọ́ wọn. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi ara wọn." Ó wo ìwé ìjábọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kò sí àyè fún ìyẹn níbí."

*

Ọ̀sán ni Ebenezer dé. Ó fa Martha sí ẹ̀yìn yàrá tó ní òrùlé àbọ̀.

"Mà, bí mo bá fi ìwé ìjábọ̀ yìí lọ bó ṣe wà, màgòmágó àwọn ọmọ ni. Òdo fún gbogbo wọn. Ilé-ìwé yìí á kú."

"O mọ ohun tí wọ́n ń ṣe."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀ ọ́n dáadáa, Ebenezer."

"Mà, mo mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi ń wá ọ̀nà. Bí olùkọ́ bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ni òun kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ. Wọn á tún ìdánwò wọn ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì, ó pẹ́ tán. Wọ́n lè fún yín ní ìwé ìkìlọ̀, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Josiah ti tẹ̀ lé wọn wá. Àgbàlagbà tó máa ń bẹ̀rù ìwé ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó sọ̀rọ̀.

"Martha, má kọ ọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ tún ìdánwò ṣe, kí wọ́n tún un ṣe. Kí ni wọ́n ń fi lẹ́tà rẹ ṣe?"

"Ọ̀gá, ọmọ mi ni."

Ó jókòó sí tábìlì rẹ̀. Ó fa abala ìwé gígùn kan yọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, ọwọ́ tí gbogbo Òkè-Ọsàn fi kọ́ ìwé kíkọ. Èmi ni mo kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí láti máa ran ara wọn lọ́wọ́. Wọn kò ṣẹ̀. Ebenezer dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kà á lórí èjìká rẹ̀.

"Ẹ fi kún un pé ó ti pẹ́, Mà."

"Kí ló dé?"

"Kí wọ́n lè rí i pé àṣà yín ni. Pé kì í ṣe ọgbọ́n ọjọ́ ìdánwò."

Ó mọ́gbọ́n dání. Martha fi kún un: láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó buwọ́ lù ú, ó kọ ọjọ́ sí i. Ebenezer ká a lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í sí àpò àyà. Kí ó tó wọ ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, nínú eruku, pẹ̀lú ṣòkòtò ọ́fíìsì lára. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

*

Ọ̀sẹ̀ méjì.

Lójoojúmọ́, àwọn ọmọ ń wá pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n lọ̀. Martha ti wá là á yé wọn: lọ́jọ́ yìí nìkan, kò sí àáró. Olúkúlùkù nínú poro tirẹ̀. Wọ́n gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣàjèjì sí wọn. Emmanuella ń gbẹ́ pẹ́ńsù rẹ̀ ní àràárọ̀ kó lè mú fún ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ kẹta, pẹ́ńsù náà kò gùn ju oríkèé ìka méjì lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ń fi èékánná dì í mú.

"Mà, ṣé lónìí ni?"

"Wọ́n ń bọ̀."

Martha ń pe Ebenezer. Fóònù ń dún títí yóò fi dákẹ́. Nígbà tó yá, kò dún mọ́.

Ọlọ́kadà ló gbé lẹ́tà wá. Josiah kà á tán, ó nà á sí Martha. Láti òpin sáà yìí, ilé-ìwé Òkè-Ọsàn di ara ilé-ìwé tó wà lójú títì. Ìdí rẹ̀: ìrànlọ́wọ́ nínú ìdánwò, láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ilé-ìwé náà ti jẹ́wọ́. Olùkọ́ náà yóò máa lọ ilé, ọdún méjì ṣáájú àsìkò ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Wọ́n so ẹ̀dà lẹ́tà Martha mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára.

Wọn kò ní í tún ìdánwò kankan ṣe. Kò sí i nínú ìwé náà rárá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń wá a.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Kabba. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Ebenezer. Akọ̀wé ní ọ̀gá kò sí. Ó ní òun á dúró dè é. Akọ̀wé ní ó lè má wá lónìí. Ó ní òun á dúró. Ó kù díẹ̀ kí aago kan lù, ilẹ̀kùn ṣí láti inú, ọ̀gá tí kò sí sì yọjú.

"Mà! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ẹ jókòó."

"Láti aago mẹ́jọ ni mo ti jókòó. Ọjọ́ wo ni wọ́n máa tún ìdánwò àwọn ọmọ náà ṣe?"

Ebenezer ti ilẹ̀kùn.

"Mà, ẹ jẹ́ kó yé yín. Wọ́n ní kí ẹkùn wa mú ilé-ìwé mẹ́rin wá tí a ó pa pọ̀. Mẹ́ta ti wà. Ẹ̀kẹrin ni à ń wá."

"Ìgbà wo ni wọ́n sọ ọ́?"

Ebenezer ń to àwọn bírò orí tábìlì rẹ̀.

"Ebenezer. Ìgbà wo?"

"Ṣáájú ọyẹ́, Mà."

Ṣáájú ìpàdé abẹ́ igi máńgòrò. Ṣáájú òrùka tàdáwà. Ó ti mọ iye tó fẹ́ kí òṣùwọ̀n kà kó tó kúrò nílé.

"Ilé-ìwé tí ò ń kó wọn lọ yẹn," ni Martha wí, "wọ́n kọ ìdáhùn sójú pátákó fún wọn níbẹ̀. Gbogbo ọ̀nà Kiri ló gbọ́."

"Mo gbọ́, Mà. Ṣùgbọ́n wọn ò kọ lẹ́tà."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣàlàyé ìṣirò fún ọmọdé. Bóyá kò tilẹ̀ mọ ohun tó sọ. Martha gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ojú náà sì bọ́ sórí tábìlì. Ìwé tuntun kan wà níbẹ̀, ó ń dán, àádọ́ta ẹ̀dà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n tò ó léra. Àwòrán Emmanuella ló wà lẹ́yìn ìwé náà, ó tẹ̀ sórí Ọpẹ́dayọ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí, ó ń bi í ní ìbéèrè. Bẹ́ǹṣì Òkè-Ọsàn. Ògiri Òkè-Ọsàn. Wọ́n kọ ọ́ sókè pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: Ọmọ Ń Kọ́ Ọmọ; nísàlẹ̀, Ìdálẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Olùkọ́, Lọ́kọ́ja.

Ebenezer gbé fáìlì kan lé e. Ó ti pẹ́ jù.

"Àáró lẹ̀ ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Lọ́kọ́ja?"

"A pè é ní orúkọ mìíràn, Mà."

Ebenezer ń retí kó bínú. Bó bá bínú, ì bá dọ̀bálẹ̀, ì bá sunkún pàápàá, ó ti múra sílẹ̀ fún un. Martha kò bínú. Ohùn tó fi ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà ló fi sọ̀rọ̀.

"Àwọn mẹ́ta ló wà ní poro rẹ lọ́dún yẹn. Dárúkọ wọn fún mi."

Ebenezer la ẹnu. "Bọ́ládé," ló wí. Ó wo òkè ilé. Ó fi ọwọ́ pa iwájú orí. "Bọ́ládé, àti..."

Martha ti dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Ebenezer tó jáwọ́ nínú rírò ó.

*

Ó sọ fún Òkè-Ọsàn fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí Josiah sọ ọ́. Abẹ́ igi kan náà, àwọn òbí kan náà, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ilẹ̀ ń run. Ó ka lẹ́tà wọn, ó sì ka lẹ́tà tirẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó ti buwọ́ lù ú.

Ó rò pé wọn á pariwo. Gbádéyan nìkan ló sọ̀rọ̀, kò sì dìde láti sọ ọ́.

"Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́, Tísà."

"Èmi ni."

"Ó dáa."

Àdúràọlá gbé àga rẹ̀, ó ń lọ. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Martha, èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká. Kò kí i. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi ń kí ara wọn, òwúrọ̀ àti alẹ́, okun o, okun. Kò kí i.

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù kí sáà parí. Àwọn kan ti dáwọ́ wíwá dúró. Mọ́kàndínlógún ló jókòó níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Emmanuella wá bá a nídìí tábìlì. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, òun tí gbogbo abúlé máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Mà, ṣé èmi ni mo pa ilé-ìwé wa?"

"Rárá o. Kì í ṣe ìwọ. Èmi ni mo kọ́ yín bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà mi orí bẹ́ẹ̀ ni. Martha sì rí i lójú rẹ̀ pé kò gbà á gbọ́. Òun ló kọ́kọ́ dìde. Òun ló kọ́kọ́ kígbe. Ta ni kò gbọ́ ọ?

Martha kọ ìṣirò pínpín mẹ́wàá sójú pátákó. Kò mọ ohun mìíràn tó yẹ kó fi parí. Wọ́n tẹrí ba. Kò pẹ́ tí Emmanuella fi kọ ìkẹwàá, ó fi pẹ́ńsù tuntun rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọpẹ́dayọ̀ wà lórí ìkẹta, ìka rẹ̀ ń rìn lábẹ́ tábìlì.

Emmanuella kò dìde. Ó ká apá méjèèjì sórí ìwé rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n lé apá náà, ó kọjú sí fèrèsé.

"Ta ló ti parí poro rẹ̀?" ni Martha bi wọ́n.

Ó kéré tán, mẹ́fà ló ti parí. Ó rí wọn. Apá ká sórí ìwé, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Ta ló ti parí?"

Kò sẹ́ni tó gbé apá kúrò. Níbi tí òrùlé ti já, omi òjò àná ṣì ń kán.

Ó bá fúnra rẹ̀ rìn lọ sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọpẹ́dayọ̀, eegun rẹ̀ ń dún, ó tẹ̀ sún mọ́ ọn bó ti máa ń ṣe.

"Ó dáa, ọmọ mi. Eélòó lo ní?"

Ọpẹ́dayọ̀ wò ó. Ojú ọmọ náà kún fún ìbẹ̀rù, kì í ṣe ìbẹ̀rù ìṣirò. Ó rọra fa ìwé rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Wọ́n ní kò dáa, Mà," ló wí.